Iná Tí Mo Kọ̀ Láti Júwe fún Ẹyinjú-Ẹgẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí, tí mo sì sẹ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí.

Ẹ mọ̀ pé tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Geography ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn títí irun mi fi funfun. Àìmọye ìgbà ni mo fi ṣọ́ọ̀kì ya òkè tó ń yọ iná, volcano, sójú bọ́ọ̀dù láìfojú kàn án rí. Táyọ̀ ọmọ mi, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mesquite, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà níbí, ló ní ó tó gẹ́ẹ́ kí n rí ojúlówó. Ó ṣètò pé kí a wọ bàálù láti Dallas lọ sí national park kan ní Hawaii, níbi tí irú òkè bẹ́ẹ̀ wà.

Ó wá ní Anti òun ń bá wa lọ. Ara mi bù máṣọ.

Anti tó ń wí ni Ẹyinjú-Ẹgẹ́, àbúrò ọkọ mi. Mo jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí dáadáa, ṣùgbọ́n mo bá wọn nílé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi ni wọ́n. Èmi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, torí ẹyinjú wọn dára. Àìsàn glaucoma ti fọ́ ojú náà báyìí. Dókítà tí Táyọ̀ mú wọn wá rí ní Dallas sọ pé ó ti pẹ́ jù.

Ṣé ẹ rò pé àánú wọn ṣe mí? Rárá o. Lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi, níṣojú àna àti ará ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹyinjú-Ẹgẹ́ ní ìwé tí mo ń kà ni kò jẹ́ kí n ráyè tọ́jú ẹ̀gbọ́n àwọn. Èmi tí mo ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ọsibítù! Wọn ò tọrọ àforíjì di òní olónìí.

A dé ọgbà náà nírọ̀lẹ́, a sì ṣe oríire, òkè náà ń tu iná. Táyọ̀ já wa sílẹ̀ níbi tí àwọn èèyàn ti ń wò ó lókèèrè, ó lọ wá ibi tí yóò páàkì sí. Iná náà ń tú jáde bí ìgbà tí páìpù omi bá bẹ́, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó pọ́n bí irin ẹnu ẹwìrì. Gbogbo ohun tí mo ti fi ṣọ́ọ̀kì yà wà níwájú mi, ó ń mí. Omi bọ́ lójú mi.

Ẹyinjú-Ẹgẹ́ di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ìwọ lo fi í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kọ́ èmi náà. Báwo ló ṣe rí?"

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èéfín lásán ni."

Ta ni mo tilẹ̀ ń tàn? Iná ń bú ramúramù létí wọn, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí wọn lójú, àwọn èèyàn ń pariwo yí wa ká. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n rọra fi ọwọ́ mi sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ibi tí ooru ti ń bọ̀.

Nígbà tí a ń padà lọ nínú mọ́tò, Táyọ̀ béèrè bóyá Mummy ṣàlàyé fún Anti, ó ṣe tán iṣẹ́ Mummy nìyẹn.

"Ó ṣàlàyé ẹ̀," ni Ẹyinjú-Ẹgẹ́ dáhùn. "Ó ní ó dà bí epo tó ń hó nínú agbada, tó wá dànù, tó ń ṣàn lọ. Tíṣà gidi ni ìyá rẹ."

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn sí mi. Mo kọjú sí fèrèsé. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò mú mi rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ sọ bí iná yẹn ṣe rí gan-an. Wọ́n ní, "Má ṣèyọnu, Ìyàwó. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé pé bí o ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Má jẹ́ ká tún yí i padà."

Ẹ gbọ́, n kò tíì dárí ọ̀rọ̀ ìsìnkú yẹn jì wọ́n, n kò ní purọ́ fún yín. Mo lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ohun tó wà níwájú wọn dù wọ́n, torí pé wọn ò ríran.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn ti bo àṣírí yín rí? Kí lẹ ṣe fún un lẹ́yìn náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, torí èmi ò tíì mọ èyí tí n ó ṣe.