Orville Stutzman àti Àwọn Ìwé Ìròyìn Besibọ́ọ̀lù Rẹ̀

Ọjọ́ tí iná sọ nílé ìdáná Orville Stutzman ni gbogbo ìlú Kessler, ní Ohio, mọ irú ẹni tó jẹ́. Kí ọkọ̀ panápaná tó dé, bàbá náà ti sáré wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti gbé àpótí mẹ́rin jáde sórí koríko, ó sì ti bọ́ kóòtù rẹ̀ bò wọ́n kí omi má baà ta sí wọn.

"Ọ̀gbẹ́ni Stutzman," ọ̀gá panápaná pariwo, "ìyàwó yín ńkọ́?"

Orville wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Lorna lẹ́sẹ̀ méjì. Ìwé ìròyìn ò lẹ́sẹ̀."

Lorna, tó ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó sì gbọ́ ọ ketekete. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Orville tó fura.

Ìwé ìròyìn besibọ́ọ̀lù àtijọ́ ló wà nínú àwọn àpótí yẹn, kì í sì í ṣe èyíkéyìí o. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri pápá fún ìgbà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láyé rẹ̀, dandan ni kí Orville ní ìwé ìròyìn tó gbé e jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ti ìgbà ọ̀kàndínlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta wá ńkọ́?" Lorna bi í.

"Ìyẹn? Ìyẹn la fi ń nu fèrèsé."

Orville fúnra rẹ̀ ò lè ju bọ́ọ̀lù dé ọgbà aládùúgbò. Emmett Rausch onígbàjámọ̀, tó fi Orville ṣe ẹlẹ́yà fún ọgbọ̀n ọdún, máa ń ní, "Ẹ ju bọ́ọ̀lù sí Orville, ẹ máa rí i. Á kọ́kọ́ béèrè pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é!"

Lọ́jọ́ kan, Ìyáàfin Pruitt, aládùúgbò wọn, ń ta ẹrù àjà ilé rẹ̀ níta iwájú ilé. Orville rí ìwé ìròyìn tó ti ń wá fún ọdún mọ́kànlá: wọ́n fi di ife kan. Ó díbọ́n bí ẹni tí kò rí i.

"Mo fẹ́ ra ife yìí. Ẹ jẹ́ kí n gbé e bó ṣe wà."

"Rárá o! Èmi kì í fi pàǹtírí di ọjà fún ènìyàn." Ìyáàfin Pruitt tú u, ó sì fi ìwé funfun báláú dì í.

Orville ra àwo. Ìwé funfun. Ó ra ìkòkò. Ìwé funfun. Nígbà tó di ẹrù kẹfà, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. "Ìyáàfin, pàǹtírí yẹn gan-an ni mo fẹ́!"

"Ẹ ò ṣe tètè sọ? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ fún ọmọ ajá mi ni. Ẹ wò ó, ó sì ti yàgbẹ́ sórí ẹ̀."

Orville ní òun ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Tọ̀tẹ̀ yìí, ìwé funfun tọ́ sí i lóòótọ́.

Ogójì ọdún ni Lorna fi ń sọ fún un pé, "Ọjọ́ tó o bá kú, ọkọ̀ akólẹ̀ ni mo máa pè." Orville kú lóṣù kejì ọdún, lórí àga rẹ̀, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìsìnkú, Lorna pe ọkọ̀.

Emmett wá bá a gbé ẹrù, ó ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti ń fi alààyè ṣe. Àfi bí ìdí àpótí kan ṣe já, tí ìwé ìròyìn kan sì ṣí sílẹ̀ sí ojú ewé kẹfà. Emmett bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ó wà ní bíbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń wo ojú ewé náà.

Àwòrán ìgbéyàwó kan ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Emmett nígbà tí omíyalé gbé ilé wọn lọ, tòun ti ìyá rẹ̀ àti gbogbo àwòrán rẹ̀.

"Lorna," ó ní. "Ìyá mi rèé. Mi ò mọ ojú wọn rí."

Awakọ̀ fọn fèrè níta. "Ìyáàfin, ṣé ká máa kó o?"

"Ẹ máa lọ," Lorna dáhùn. "Mo ṣàṣìṣe ni."

Emmett tọrọ àlùmọ́gàjí. Lorna gbá a lọ́wọ́ pàá. "Gé kí ni? Ṣé o fẹ́ kí Orville jí dìde ni?"

Látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Emmett á gbé páì èso ápù wá. Lorna á ṣí ojú ewé kẹfà fún un, Emmett á máa wò ó títí kọfí rẹ̀ á fi tutù. Nígbà tó bá wò ó tẹ́rùn, Lorna, tí kò wo ìdíje besibọ́ọ̀lù kan ṣoṣo rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, á wá ṣí i padà sí ojú ewé iwájú, á wọ awò ojú rẹ̀, á sì rọra máa kà á sókè, bí bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà ṣe fò kọjá ògiri.