Mùílì Télọ̀ àti Ọmọ Onírin Tí Kò Jábọ́ Délẹ̀

Bí ẹ bá bèèrè télọ̀ tó mọ aṣọ ọ́ gé jù ní Ọjà Igbó, ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn á na ìka sí ṣọ́ọ̀bù Mùílì. Bí ẹ bá tún bèèrè télọ̀ tó mọ irọ́ ọ́ pa jù, ẹni náà kò ní wulẹ̀ gbé ìka rẹ̀ sílẹ̀, ibi kan náà ni yóò ṣì nà án sí.

Ọwọ́ Mùílì kò ní àbùkù. Ọrùn bùbá tó bá gé, ńṣe ló máa ń jókòó jẹ́ẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ẹnu rẹ̀ ni ìyọnu. "Ẹ padà wá lọ́la" kò jìnnà sí ètè rẹ̀. Bí oníbàárà bá dé lọ́la yẹn, yóò ní, "Ó ku bọ́tìnnì." Bí ó bá di ọ̀tunla, yóò ní NEPA ló mú iná lọ tí áyọ́ọ̀nù òun kò fi gbóná. Bẹ́ẹ̀ èédú ni áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ń jẹ.

Ní àsìkò yẹn, tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, ti fún tolówó tòtòṣì lọ́rùn, ohun tó kù tó ń pa tọmọdé tàgbà lẹ́rìn-ín nílùú ni kátúùnù kan tí wọ́n gbé wá láti ilẹ̀ Jàpáàn, tí tẹlifíṣọ̀n máa ń fi hàn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Orúkọ òyìnbó tó ń jẹ́ gùn, kò sì gba ẹnu ará ọjà, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọmọ Onírin. Ọmọkùnrin kan ló máa ń wọ inú òmìrán irin, tí yóò máa bá Ọba Òkùnkùn jà kí ó má baà gbé ayé mì. Ìtàn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá ìyókù kiri.

Gbogbo Ọjà Igbó ló fẹ́ràn Ọmọ Onírin, àfi Mùílì. Àmọ́ bí ó bá ti ku fẹ́ẹ́rẹ́ kí aago mẹ́rin lù, Mùílì yìí kan náà ni yóò gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú-òun-funfun rẹ̀ síta, tí yóò na eríàlì rẹ̀ sókè, tí yóò sì gba àga iwájú.

"Mo ń wò ó kí n lè mọ ohun tí mò ń bú ni," ló máa ń wí.

Mátíù fùkánáísà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tirẹ̀, ló máa ń bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ìjọ Aládúrà ni Mátíù, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú ọmọ ọlọ́mọ.

"Mátíù, wo ojú ọmọ náà! Ojú tó tó àwo ọbẹ̀, kò sì rí ọ̀tá tó dúró sẹ́yìn ẹ̀."

"Mùílì, fi í sílẹ̀ o. Ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀."

"Ẹ̀kọ́ wo? Kó tó gbá èèyàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo orúkọ ẹ̀ṣẹ́ náà. 'Ẹ̀ṣẹ́ Mànàmáná!' Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ìgbátí ló ń kọ́kọ́ dé, àlàyé á wá bá ẹ ní tésàn."

"Àdúrà ló ń gbà sí i. Àwa náà máa ń pariwo ká tó lé ẹ̀mí èṣù."

"Èṣù ọ̀hún ńkọ́? Ó dúró gbagidi títí wọ́n fi to ẹsẹ̀ irin, tí wọ́n to apá, tí wọ́n to orí. Àwòrán ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà sì ni! Ọbẹ̀ àná ni wọ́n ń gbé kaná fún wa. Bí mo bá fẹ́ lù ẹ́, ṣé wàá dúró kí n lọ wọ bàtà?"

"Bó bá jẹ́ pé ọmọlúàbí ni mí ńkọ́?"

Ohun tó wá dun Mùílì jù ni ti òkè. Ọba Òkùnkùn ti Ọmọ Onírin láti orí òkè nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń parí lọ. Wọ́n rí oṣù, wọ́n ṣọdún, wọ́n jẹ ẹran tán, ọmọ náà ṣì wà lófuurufú, tó ń ronú nípa ìyá rẹ̀, tí omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ilẹ̀ wo ló jìn tó báyìí?" ni Mùílì bi gbogbo ọjà. Wọ́n ń sunkún lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe báyìí mọ, kò burú. Ṣùgbọ́n Mùílì ń fẹ́ Asiyah, Asiyah náà sì ń fẹ́ ẹ, ìyá rẹ̀ ló kù. Ìyá Asiyah ń ta abọ́ tánganran. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé léèsì aláwọ̀ ojú ọ̀run wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, tòun ti Asiyah.

"Mùílì, mo gbọ́ pé o fẹ́ kó àwọn èèyàn ẹ wá sílé mi. Ó dáa. Ọmọ àbúrò mi parí Kùránì, wọ́n ń ṣe wòlímà fún un ní Ọ̀yọ́. Bí mo bá rí léèsì yìí wọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀. Bí mi ò bá rí i wọ̀, má kí mi lọ́jà mọ́."

Mùílì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ẹ padà wá lọ́la."

Ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Asiyah di férémù ilẹ̀kùn mú kó má baà fẹ̀rín ṣubú.

Láti ọjọ́ náà ni Asiyah ti ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń na ọrùn wọlé. "Bọ̀ọ̀dá Mùílì, ẹ kúuṣẹ́ o. Ṣé ó ti ku bọ́tìnnì?" Bẹ́ẹ̀ bùbá tí kò ní bọ́tìnnì ni.

Wòlímà ku ọ̀la, apá òsì bùbá ló kù. Sátidé ni, wọ́n sì ti kéde pé òní ni Ọmọ Onírin yóò délẹ̀. Mùílì búra pé òun kò ní wò ó. Ó kàn gbé tẹlifíṣọ̀n síta nítorí àwọn aládùúgbò, ó wá yí ojú máṣíìnì sí i nítorí afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí léèsì, ojú rẹ̀ wà ní Jàpáàn.

"Ẹ̀ṣẹ́ Mànàmáná!" ni ọmọ náà kígbe.

"Gbá a, jàre! Ṣe kíá!" ni Mùílì dáhùn, máṣíìnì sì ń sáré.

Apá aṣọ parí. Ọmọ Onírin kò délẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú tẹlifíṣọ̀n pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Olè!" Mùílì fò dìde. "Wọ́n tún fi ọ̀la tàn wá! Ṣé báyìí lèèyàn ṣe ń ṣe fún ọmọ aráyé?"

Mátíù wo àwọn aṣọ àìrántán tó kọ́ sára ògiri. Ó wúkọ́, ó sì lọ fẹ́ táyà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mùílì bá Asiyah àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Ìyá Asiyah gbé léèsì lọ́wọ́ kó má baà rún lọ́nà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ bùbá, ó jáde. Ó ki ọwọ́ òsì bọ̀ ọ́, kò jáde. Ó tún tì í. Ọwọ́ náà kàn ń rìn kiri níbẹ̀ bí ológbò tí wọ́n dì sínú àpò. Mùílì ti rán ẹnu apá aṣọ náà pa, ó rán an dáadáa, ojú rírán náà sì gún régé.

Àfáà sì ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pe àwọn mọ̀lẹ́bí síwájú. Asiyah sáré jáde sí àgbàlá.

"Bọ̀ọ̀dá Mùílì, ẹ wá bá wa to apá irin."

Mùílì wọlé, ó rí apá Màmá tó nà gbọnrangandan, ó sì kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kúnlẹ̀.

"Mùílì," ni ìyá náà wí jẹ́jẹ́, "ibo lọwọ́ mi máa gbà jáde?"

Mùílì fi eyín já òwú, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. "Màmá, ẹ má bínú, Ọmọ Onírin ló fà á. Kátúùnù tí kò nílàárí! Ọ̀la, ọ̀la, ọ̀la ò sì dé. Á pariwo ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ò ní balẹ̀. Ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá náà láá tún ṣe. Mi ò mọ ohun táwọn aláìnírònú ń wò níbẹ̀."

Ojú Ìyá Asiyah ṣú. Mùílì rò pé ọ̀rọ̀ apá aṣọ ni.

"Ẹni tó ń sọ pé ọ̀la, tí ọ̀la kì í dé," ni ìyá náà wí. "Mùílì, ṣé kátúùnù lò ń bú un, àbí ara ẹ?"

Asiyah kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọwọ́ jáde. Léèsì náà jókòó lára Màmá débi pé àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ ń bèèrè ẹni tó rán an. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa padà, Mùílì fi ìgboyà súnmọ́ ọn. "Màmá, ẹ ṣáà ti wọ̀ ọ́."

"Mo wọ̀ ọ́. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, láago mẹ́rin." Ó wọ ọkọ̀. "Ó ku bọ́tìnnì."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Mùílì rán gbogbo aṣọ tó wà lára ògiri. Àwọn oníbàárà gbà á tìfuratìfura, wọ́n rò pé ó fẹ́ kó kúrò nílùú. Nígbà tó di Sátidé, Mátíù ń jó, ó ní òní ni ọmọ náà máa délẹ̀ dandan. Mùílì wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bí ẹni ń dágbére, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ kúurọ̀lẹ́, Màmá."

"Ṣùúù! Jókòó. Má sọ̀rọ̀."

Ìyá Asiyah jókòó ṣinṣin síwájú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère, ó fi gèlè di ẹnu. Ọmọ Onírin ń jábọ́ bọ̀. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, Mùílì kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọ̀ búlúù ni. Ọba Òkùnkùn dúró dè é bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Gbogbo èébú tí Mùílì ti ń kó jọ láti ọjọ́ yìí wá kún un lẹ́nu bí omi gbígbóná. Asiyah gbé omi wá fún un, ó la ojú rẹ̀ kalẹ̀ bíi ti ọmọ náà, ó ń retí kí Mùílì ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ìyá Asiyah nu ojú. "Mùílì, ìwọ tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí ò ní kú, àbí?"

Mùílì mu omi. Ó gbé nǹkan mì, kì í ṣe omi nìkan.

"Kò ní kú, Màmá. Ó ń gba àdúrà sí ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀."

Ìyá náà mi orí jẹ́jẹ́. "O ti ń gbọ́n. Sọ fún àwọn èèyàn ẹ kí wọ́n máa bọ̀."

"Ọjọ́ wo ni kí wọ́n wá, Màmá?"

Kò yíjú sí i. "Ọjọ́ tó bá wù wọ́n. Kó ṣáà ti má jẹ́ Sátidé."