Eyín Bàbá Àgùdà

Inú agolo tábà kan tó ti dípẹtà ni eyín náà máa ń wà, òun àti rósárì onígi kan. Eyín bàbá tó bí bàbá Màmá Àgbà ni. Màmá Àgbà ló bí ìyá mi, òun náà ló sì tọ́ mi dàgbà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa nítòsí Igbóṣere, torí pé ìyá mi tètè kú. Nígbà tí mo ń sọ yìí, àwa méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé náà. Bàbá tó ni eyín yìí, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Brasil. Àgbàlagbà ló padà wá sí Èkó, pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ àti orúkọ Àgùdà lórí. Nígbà tí eyín rẹ̀ tó kẹ́yìn já, Màmá Àgbà, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ló ṣà á nílẹ̀ tó sì tọ́jú rẹ̀.

Bàbá náà kò sọ orúkọ ìlú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ìlú tó ta ọmọ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ ṣe?” Á wá yí ọ̀rọ̀ sí èdè Potogí. Ilà wà lójú rẹ̀, ilà tí wọ́n ti kọ fún un kí wọ́n tó mú un lọ, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò kan ṣoṣo tó yà, irùngbọ̀n ló bo gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Màmá Àgbà nìkan ló kù láyé tó rántí ilà náà. Bó bá ń sọ ìtàn bàbá yìí, á fi ìka ìfábẹ̀lá fà á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, kíákíá, bí ẹni ń nu òógùn.

Orílẹ̀ ni Màmá Àgbà ń wá. Lọ́dọ̀ àwọn ojúlùmọ̀ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí obìnrin bá kú, kí wọ́n tó gbé e jáde, àgbà obìnrin kan á dúró níbi orí rẹ̀, á fi oríkì orílẹ̀ rẹ̀ kì í dáadáa, kí àwọn tó ti lọ ṣáájú lè mọ̀ pé ọmọ àwọn ló ń bọ̀. Kátólíìkì pọ́ńbélé ni Màmá Àgbà, kì í pa Máàsì jẹ. Ṣùgbọ́n ó ní fàdá á ṣe tirẹ̀, kí ẹnìkan sì ṣe èyí tó kù.

“Tí mo bá débẹ̀, ọmọ ibo ni wọ́n máa ní mo jẹ́?” Bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi mí. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún nígbà yẹn, ìbéèrè náà sì ti di ojoojúmọ́.

Ní 1994, ilé ìkàwé kan lọ́nà Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè máa ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn tí àwọn tó ni wọ́n ti kà wọ́n sú. Nínú ọ̀kan ni mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn egungun Yúróòpù. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ha egungun àti eyín àwọn tó kú láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n ń wá ohun kan nínú rẹ̀ tí ọmọ jogún lọ́dọ̀ ìyá, tí ìyá náà jogún lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ títí lọ sẹ́yìn. Ojú lásán kò lè rí ohun náà, àmọ́ wọ́n ti rí ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ díẹ̀ rẹ̀ di púpọ̀, kí wọ́n lè kà á. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó kọ́kọ́ gbin àlìkámà ní Yúróòpù jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ oko lọ́dọ̀ aládùúgbò, tàbí àlejò tó rìn wá láti ìlà-oòrùn pẹ̀lú irúgbìn lọ́wọ́ àti ọmọ lẹ́yìn. Àwòrán ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí yìnyín ti bo òkú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkè fún bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún. Ó wọ bàtà tó ti koríko bọ̀ nínú nítorí òtútù.

Mo mú ìwé náà wálé, mo ń kà á fún Màmá Àgbà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Ó gbá àwòrán náà mú, ó gbé e sún mọ́ ojú.

“Òun nìkan ló kú sórí òkè?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹnikẹ́ni ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́?”

“Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, mà.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Òyìnbó náà ò wá mọ ibi tí wọ́n ti wá.” Nígbà tí mo máa wò ó, ó ti ń sunkún nítorí òkú yìnyín. “Wọ́n ní eyín ń sọ̀rọ̀?”

“Eyín ń sọ̀rọ̀, mà,” ni mo wí. “Ti Bàbá náà á sọ̀rọ̀.”

Èmi ni mo sọ ọ́, n ò lè purọ́ mọ́ ẹlòmíì. Ìwé náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bàbá Télọ̀ bọ́ sínú ọ̀rọ̀ wa. Mùsùlùmí ni, ọmọ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àmọ́ iwájú ilé wa ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí láti ọgbọ̀n ọdún. Bí Màmá Àgbà bá fi ẹ̀wà àti omi àgbọn se frejọ̀n fún Gúdù Fúráìdé, abọ́ kìíní, ti Bàbá Télọ̀ ni. Bí òun náà bá pa àgbò Iléyá, a mọ̀ pé itan kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Lọ́jọ́ náà, ó wá gba omi mu, ó bá Màmá Àgbà níbi tó ti ń fi ìka fa ilà sójú. Ó gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fà kí n rí i.”

Màmá Àgbà tún un fà. Èmi ń ṣí ìwé mi.

“Mo ti rí ilà yìí rí o,” ni Bàbá Télọ̀ wí. “Ní ìlú ìyá mi lókè ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀, gbogbo oríkì ilé ibẹ̀ ló wà lẹ́nu ẹ̀. Tí n bá ń lọ fún Iléyá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ kàn fà á fún un báyìí, á sọ ilé yín fún yín. Ínṣà Àláhù.”

Ojú Màmá Àgbà là wàì. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú bí mi? Èmi tí mo gbé ọ̀rọ̀ ńlá wálé láti Marina, télọ̀ kan dé, ó fẹ́ fi ilà ojú gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ìlú tó ń kọ ilà pọ̀ bíi yanrìn. Mo ní ọ̀nà kò dára, ẹsẹ̀ Màmá kò sì gbé e. Mo ní sáyẹ́ǹsì wà, kí la fẹ́ fi àfojúdá ṣe?

Bàbá Télọ̀ rẹ́rìn-ín. “Akọ̀wé! Eyín á wá gbọ́ Yorùbá ju ẹ̀gbọ́n mi lọ?”

Màmá Àgbà wò mí, ó wò ó. “Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ọmọ tó kàwé,” ló wí.

Gbogbo ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, nínú oṣù kọkànlá, la máa ń ṣí agolo tábà yẹn. Màmá Àgbà á fi omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú wẹ eyín náà, á fi òrí pa á, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé á sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, á ṣàdúrà. Lọ́dún yẹn, a wẹ̀ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kànìnkànìn tuntun la fi ha á. Mo fẹ́ sáré dì í, Màmá Àgbà kọ̀, ó ní wọn kì í rán àgbà lọ sí àjò pẹ̀lú ìdọ̀tí lára. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ló fi gbàdúrà pẹ̀lú eyín náà lọ́wọ́, ó ń fẹnu kò ó, ó ń sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá Télọ̀ pàápàá gbà á mú, ó ní, “Bìsìmílááì, Bàbá, ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re.” Mo fi òwú dì í, mo kọ lẹ́tà mọ́ ọn, mo fi ránṣẹ́ láti pósọ́fíìsì Marina sí yunifásítì tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú ìwé náà.

A wá ń retí. Bí mo bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń rí Màmá Àgbà lójú fèrèsé òkè.

“Wọ́n ti kọ̀wé?”

“Wọn ò tíì kọ, mà.”

Iléyá dé. Bàbá Télọ̀ gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Màmá, ẹ ó lọ bí?” Màmá Àgbà yíjú wò mí. Obìnrin tó pọ̀n mí, tó nà mí, tó rán mi níléèwé, òun ló ń fi ojú tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Mo ní lẹ́tà ò ní pẹ́ dé. Bàbá Télọ̀ dá lọ. Nígbà tó dé, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kí Màmá, pé ó fi ọjọ́ mẹ́ta retí rẹ̀.

Nínú òjò ọdún yẹn, Bàbá Télọ̀ kò wá sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sin ín. Màmá Àgbà kò sunkún. Ó kàn fi ìka fa ilà sójú, ó ní, “Òun nìkan ló rí i.” Mo rò pé ọ̀fọ̀ Bàbá Télọ̀ ló ń ṣe. Mo bu tíì fún un.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òun náà lọ.

A tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Fàdá ṣe tirẹ̀, ó parí. Àwọn ìyá láti agboolé Bàbá Télọ̀ ti wá, wọ́n dúró lára ògiri, wọ́n ń wojú wa, wọ́n ń retí ẹni tó máa kì í. Mo dúró níbi orí rẹ̀. Mo ní, “Ọmọ…” Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà fẹ́ gbà mí là, ó ní, “Ọmọ Èkó ni,” òun náà dúró síbẹ̀. Ẹnìkan sáré dá orin ìsìn, wọ́n sì gbé e jáde. Ojú tì mí, ó sì dùn mí. Ó ń dùn mí di òní.

Oṣù Kejìlá ni lẹ́tà tó dé, eyín náà wà nínú ìgò kékeré kan. Obìnrin kan ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tutù. Ó ní eyín tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ fún ọgọ́rin ọdún, tí ọwọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti dì mú, ohun ara àwọn tó dì í mú ló ti lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ló sì máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ó ní ohun tó ń dààmú àwọn náà nìyẹn lórí àwọn egungun àtijọ́ tiwọn. Ó wá fi kún un pé bó tilẹ̀ mọ́ tónítóní, egungun kò mọ orúkọ ìlú. Ó lè jẹ́rìí pé àwọn kan rìn wá láti ìlà-oòrùn, kò lè sọ ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti jáde.

Mo jókòó sídìí fèrèsé rẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò ní alààyè kankan tó lè bi léèrè mọ́ ló ń bi egungun. Èmi ní ẹni tí mo lè bi, iwájú mi ló jókòó sí, mo ń ka ìwé fún un.

Nígbà tí wọ́n ṣe àdúrà ọdún kan fún Bàbá Télọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti òkè. Mo lọ kúnlẹ̀ lórí ẹní tó jókòó sí, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

“Ìyá yẹn,” ló wí. “Mo retí ẹ̀ títí.”

Mo ní ó ti kú, mà. Mo ní mo wá gba orílẹ̀ rẹ̀, kí n lè lọ kì í níbi sàréè rẹ̀, bó tilẹ̀ ti pẹ́.

Ó mi orí. “Ilé méjì ló ń kọ irú ilà yẹn lọ́dọ̀ wa. Iye ẹ̀ àti bó ṣe dúró la fi ń dá wọn mọ̀, a kì í sì í fi oríkì ilé kan ki ọmọ èkejì. Àbúrò mi lóun ò kà á, pé ìyá á fà á fún mi fúnra ẹ̀. O máa ń rí i tó bá ń fà á?”

“Ojoojúmọ́ ni, mà.”

“Ó dáa. Ojú mi rèé.” Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé ìka mi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. “Fà á.”

Mo fa ọ̀kan. Mo fa èkejì. Ìyá náà di ojú, ó ń dúró dè mí, ìka mi sì wà lójú rẹ̀, n kò mọ ibi tí mo máa gbé e lọ.