Ẹ̀dá Tí Kò Nímú

Òórùn gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ fóòmù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣàngó, níbi tí mo ti ń rán àga ìjókòó, òórùn yẹn kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀; ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n lórí ẹ̀rọ bí kò tilẹ̀ síṣẹ́ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mi ò kàwé lọ títí, o mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi já fáfá, mo sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé nígbà yẹn, ní Agbowó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni tíṣà rẹ̀ yàn pé kó ṣe ẹ̀dá tó wá láti ayé mìíràn, lọ́hùn-ún láàrin àwọn ìràwọ̀, nínú eré ìparí táàmù ní ilé ìwé wọn ní Bódìjà. Tíṣà ò sọ bí ẹ̀dá náà ṣe rí. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, èmi àti ọmọ náà á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó máa dá a.

"Bọ̀ọ̀dá, kò ní etí," ló wí. "Àtẹ́lẹsẹ̀ ló fi ń gbọ́ràn."

"Tí ìyá ẹ̀ bá wá ń bá a wí ńkọ́?"

"Á dùbúlẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Kò ní gbọ́ nǹkan kan."

Mo rẹ́rìn-ín títí. A ní awọ rẹ̀ á le bíi ti alángbá, torí oòrùn méjì ló ń ràn lé e lórí. Ẹnu rẹ̀ wà níkùn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èmi ni mo wá dé orí imú. Mo ní kò sí afẹ́fẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń mu, kí ni wọ́n fẹ́ fi imú ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi débi pé mò ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà.

Mo fi lẹ́dà àga aláwọ̀ ewé rán aṣọ ẹ̀dá náà fún ọmọ, látorí dé ẹsẹ̀, mo fi fóòmù sínú rẹ̀, mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara sójú. Síìpù wà lẹ́yìn, mo sì rán lẹ́dà mìíràn bò ó kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó ti ń ṣí.

Ẹ̀gbọ́n mi yẹ̀ ẹ́ wò. "Ibo lọmọ mi máa gbà mí?"

"Àǹtí mi, ẹ̀dá tí kì í mí ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni."

"Ìwọ àti agídí ẹ."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ rọra bi mí bóyá a lè fi ihò kékeré kan sábẹ́ àgbọ̀n. Mo ní á bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ eré, iná ò sí, fáànù ò yí, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ilé ìwé ò sì tán bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ti wà nínú lẹ́dà lẹ́yìn kọ́tìnì. Mi ò lè jókòó. Nígbà tí ẹ̀dá wa jáde, ó rìn díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù, ọ̀rẹ́ mi. Mo rò pé inú ẹ̀dá wa ló ń dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ò pàtẹ́wọ́ ní tiẹ̀. Ó ti ń sáré lọ kí ọmọ tó ṣubú. Ó wá síìpù títí, kò rí i, torí mo ti fi í pamọ́ dáadáa. Èmi ni mo dé tí mo fà á ṣí. Òógùn ti bo ọmọ náà bí ẹni tó ti odò jáde. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n bu omi sí i lórí, kó tó mí kanlẹ̀.

Gbogbo tìmùtìmù tí mo bá rán ni mo máa ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí lábẹ́, torí lẹ́dà tí kò níhò, bí èèyàn bá jókòó lé e, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fà á ya. Àga ni mo lu ihò fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo rán pa mọ́nú lẹ́dà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Ó kàn ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ láìwojú mi, fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ náà ló kọ́kọ́ wá jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀dá yẹn ń mí o," ló wí. "A kàn ò bi í ni."

Títí di òní ni mò ń rò ó níbi ẹ̀rọ. A ò bi í lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi, ó ní kí n fi ihò sábẹ́ àgbọ̀n. Èmi ni mo dùbúlẹ̀, tí mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí n má bàa gbọ́.