Aago Àádọ́ta Mítà àti Omi Inú Balùwẹ̀

Ojú-Kan ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ méjèèjì pé. Awò kékeré tó máa ń há mọ́ ojú ọ̀tún láti àárọ̀ dalẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí obìnrin yìí ti ń tún aago ṣe nínú yàrá tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta. Tí nǹkan bá rú u lójú, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé tìbínú-tìbínú. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Orúnkún tó ń dùn ún ló mú un lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá ra aago ìgbàlódé fún un, irú èyí tó ń ka bí ọkàn èèyàn ṣe ń lù.

"Àbúrò mi, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì! Wọ́n kọ àádọ́ta mítà sẹ́yìn ẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí mo ń lò, àyà lomi ẹ̀ mu mí. Báwo lomi ṣe wọ̀ ọ́?"

"Ẹ jókòó ná. Ta ló sọ fún yín pé omi wọ̀ ọ́?"

"Mo fọwọ́ kan ojú ẹ̀ títí, kò dáhùn."

Ojú-Kan gbé aago náà lé ìdérí ife omi gbígbóná títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó kán omi tútù ẹyọ kan sójú gíláàsì, ó dúró díẹ̀, ó nù ún kúrò. Kùrukùru róbótó kan wà níbẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, tí aṣọ ò lè nù.

"Omi wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibo ni ògiri yìí ti lanu?"

Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun mú páálí aago náà wá. Ìwé kan ká jọ sínú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Ojú-Kan fi awò kà á. Wọ́n ní àádọ́ta mítà yẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn lè rì dé. Bí omi ṣe tẹ aago tó ni, nígbà tó ṣì wà ní tuntun, nínú omi tó dúró jẹ́ẹ́, ní iléeṣẹ́. Wọ́n ní rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀ máa ń gbó, kí ọṣẹ àti omi gbígbóná sì jìnnà sí i.

Ó tú aago náà. Rọ́bà rẹ̀, tó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, ti funfun, ọṣẹ ti gan mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yé e. Omi gbígbóná ńkọ́? Ìwé ò sọ ìdí.

Ó mú ìgò oyin tó ṣófo, ó fi abẹ́rẹ́ lu ìdérí rẹ̀, ó rì í sínú omi gbígbóná. Afẹ́fẹ́ ń hó jáde lójú ihò náà. Ó yára gbé e bọ inú omi tútù: ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó gbààwẹ̀! Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dá rẹ́rìn-ín, títí aránbàtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi yọjú pé, "Ìyá, ṣé kò sí o?"

Lọ́jọ́rú, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí adágún.

"Ẹ ṣe gbogbo bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ wọ balùwẹ̀, ó fi omi gbígbóná ra orúnkún, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tó máa ń so aago mọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Láti ibẹ̀, ó di inú omi tútù, jàùn!

"Ó tán! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ ń fún un lómi mu."

"Èmi kẹ̀?"

Ojú-Kan ṣàlàyé ìgò oyin fún un: omi gbígbóná ń lé afẹ́fẹ́ jáde nínú aago, tó bá wá bọ́ sínú omi tútù, á fa omi wọlé dípò afẹ́fẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi sọ fáwọn ọmọ iléèwé pé kí wọ́n ka ìwé tán kí wọ́n tó na ọwọ́ sókè!"

Ojú-Kan nu inú aago náà gbẹ, ó sì pààrọ̀ rọ́bà. Ojú aago náà padà dáhùn, àmọ́ kò ka ọkàn mọ́. "Aago ní mi ò lọ́kàn," ni ẹ̀gbọ́n ń wí kiri. Ó ń so ó lọ sínú adágún, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó wọ balùwẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, ẹni tó bá gbé aago tómi wọ̀ wá, "Báwo lẹ ṣe ń wẹ̀?" ni Ojú-Kan máa kọ́kọ́ bi í. Ọkùnrin kan fi ìbínú gbé aago rẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbúrẹ́dì kan mú tiẹ̀ wá, ó ní òun kì í lúwẹ̀ẹ́, òun kì í sì so ó wẹ̀. Ojú-Kan sún àpótí ìjókòó rẹ̀ síwájú. "Ẹ sọ fún mi, báwo ni iwájú ààrò yín ṣe ń gbóná tó? Tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀, ṣé omi tútù lẹ fi ń fọwọ́?"