Ẹnì Kan Ṣoṣo Tí Mo Pè Ní ‘Ẹ̀yin’

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè Spéìn láti kọ́ èdè àti àṣà wọn, wọ́n gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń to mílíìkì sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Baṣọ̀run. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń kọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi, ṣé mo ti gbọ́ ọ tán ni? Láti ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá wọlé, wọn á ní kó rọra bá mi sọ̀rọ̀, nítorí Yorùbá ti ń sú mi.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ lọ ti bá mi wá ibi tí n ó máa gbé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní ìlú kékeré kan lọ́hùn-ún. Ohun kan ló kù: ìyá náà ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn ní èdè wọn, kí àwọn lè mọ irú ọmọ tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbà mí, kò sí ibùgbé. Bí kò bá sí ibùgbé, kò sí físà.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì l'Ágbowó, mo fi odidi ọ̀sán kan kọ ọ́. Ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè náà ní orí kan lórí bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo fò ó. Ọmọ Yorùbá wo ló ń dúró de òyìnbó kó tó mọ ìyẹn? Mo kàn wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún èèyàn púpọ̀, ‘vosotros’, mo ní ‘ẹ̀yin’ rèé. Ni mo bá rọ̀jò rẹ̀ lé ìyá lórí: ẹ̀yin ni mo ń kí, ṣé ara yín le, ilé yín ni mo ń bọ̀. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi, inú wọn dùn, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀ṣọ́ náà ló fẹ́ẹ̀ dí mi lọ́nà. Lọ́jọ́ kẹta tí mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀wé sí mi pé ìyá onílé ò mọ̀ bóyá àwọn á gbà mí mọ́. Ìyá náà ní agbo ilé ni mo ń kí, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló wà níbẹ̀, ọkọ òun ti kú. Wọ́n ní bóyá ilé tó kún fún èèyàn ni mo ń wá. Ẹ tiẹ̀ wò ó, ‘wọ́n’ ni mo ṣì ń pè wọ́n títí di ìsinsìnyí. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka orí tí mo fò. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tiwọn wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ń lò ó fún ẹnì kan. Ojú tì mí, inú mi sì bàjẹ́.

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Nígbà tí wọ́n rí i pé omi ti lé sí mi lójú, wọ́n ní ká pe ìyá náà, kí àgbà méjèèjì fojú rí ara wọn. Mo gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, a sì pè wọ́n lórí fídíò lọ́jọ́ kejì.

Ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ súwẹ́tà ló yọjú. Mo ń kólòlò, ni màmá mi bá dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

“Sọ fún wọn pé lọ́dọ̀ wa, a kì í ka àgbà sí ẹnì kan. Ọkọ tèmi náà ti kú, ọmọ yìí ò sì fi ọjọ́ kan pè mí ní ‘ìwọ’ rí.”

Mo túmọ̀ rẹ̀ bí agbára mi ṣe mọ, mo sì fi kún un pé n ó tún lẹ́tà náà kọ. Ìyá onílé dá mi lóhùn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, kí n lè gbọ́.

“Má tún un kọ. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí àwa méjèèjì. Máa bọ̀.”

Màmá mi ń fọwọ́ tọ́ mi léjìká, wọ́n ń bèèrè ohun tí ìyá náà wí. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì fi Yorùbá kí wọn: “Ẹ kú ilé, ẹ̀yin àti bàbá.”