Kókó Tí Bàbá Sin

Títí di òní, tí òórùn lọ́fínńdà bá ti ta sí mi nímú, ẹ̀yìnkùlé wa ní Agbamu ni ọkàn mi ń lọ. Ibẹ̀ ni bàbá mi gbẹ́ ihò sí lábẹ́ igi ọsàn, tó sin kókó tí wọ́n gé kúrò ní itan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ní ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ti gé e, ṣe ni wọ́n dì í sínú ọ̀rá dúdú, wọ́n gbé e lé bàbá lọ́wọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Mùsùlùmí ni wá, sísin la máa ń sin irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bàbá fi aṣọ funfun wé e, ó fọ́n lọ́fínńdà sí i. Ó ní, "Ara ọmọ mi ni. N kò lè jù ú sí ààtàn." Ó wú mi lórí lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, kókó náà tún yọ. A gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ìlọrin, ó ń rọra kérora lójú ọ̀nà. Dókítà yẹ itan rẹ̀ wò, ó béèrè pé, "Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gé ńkọ́?"

Bàbá dáhùn bí ẹni tó ń retí ìyìn. "A ti sin ín, dókítà. A sin ín dáadáa."

Dókítà wá ṣàlàyé pé ó jọ jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀, pé oríṣiríṣi ló wà, oògùn ọ̀kan kì í ran èkejì, àfi kí wọ́n yẹ ẹran náà wò kí wọ́n tó mọ èyí tó jẹ́. Wọ́n ní láti tún gé e.

Nígbà tí wọ́n gé ìkejì, wọ́n fi sínú ìgò. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e dé ibi àyẹ̀wò. A rí oògùn tó bá a mu, àmọ́ kó tó dé, àìsàn náà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà. À ń lọ Ìlọrin, à ń bọ̀, ó sì ti rẹ gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, bàbá dìde ní mọ́ṣáláṣí. "Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá gé kókó lára èèyàn yín, ẹ má tíì sin ín. Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná." Ó jókòó. Ó ń sọ ọ́ kiri títí di báyìí, ní Òrò, ní Ọ̀mù-Àrán, fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. Inú máa ń bí mi bí mo bá ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ẹni tó gbé ọ̀rá dúdú yẹn lé e lọ́wọ́ ì bá ti sọ ọ́ fún un.